Fìlà Tí Mo Dé Sórí Ilé Wa

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. Mo kàn ní kí n kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín nígbà tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé: ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oòrùn, ṣé kí n bu omi wá? Ẹ ó ti jókòó sórí àpótí ẹnu ọ̀nà, ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó gbọn ìyẹ̀fun igi inú rẹ̀ dànù, ẹ ó wá na ẹsẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù. Ẹ kì í dáhùn títí ẹ ó fi mu omi náà tán. Lónìí náà, ẹ má dáhùn. Ẹ máa mu omi yín, kí ẹ máa gbọ́ mi.

Ìròyìn tí mo mú wá kò ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ó ga. Mo ti dé fìlà sórí ilé wa.

Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ. Ilé kékeré tó máa ń jókòó sí góńgó òrùlé, tó ní ògiri mẹ́rin, tó ní fèrèsé, tó ní òrùlé tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í gbé inú rẹ̀. Ẹ rí irú rẹ̀ lórí ilé àtijọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè nígbà tí wọ́n pè yín pé kí ẹ wá pààrọ̀ igi òrùlé tó ti jẹrà. Nígbà tí ẹ dé sílé lọ́jọ́ náà, ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí Màmá fi bi yín bóyá ilé lẹ rí tàbí obìnrin. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ilé tiwa náà máa dé fìlà, kò ní í máa ṣe orí ṣákálá kiri láàárín àwọn ilé yòókù. Ẹ fi pẹ́ńsù pupa yín yà á sẹ́yìn bébà sìmẹ́ńtì, ẹ sì fi ìṣó mẹ́rin kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá irinṣẹ́. Ibẹ̀ ló wà. Ẹ kan òrùlé káàkiri Ọ̀fà, ẹ kan ti Ilemona, ẹ tiẹ̀ kan ti Ẹ̀rìn-Ilé nígbà tí ìjà ilẹ̀ wà láàárín ìlú náà àti Ọ̀fà, tí àwọn èèyàn ń bi yín bóyá ẹ ò bẹ̀rù. Fìlà tiwa ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ yín máa dilẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ yín wá dilẹ̀, orúnkún yín ò gbà kí ẹ gun àkàbà mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìjì kan jà lọ́sàn-án, ó sì ṣí páànù tó bo góńgó òrùlé wa láàárín gbùngbùn. Tí èèyàn bá dúró ní pálọ̀, tó gbójú sókè níbi tí síléèlì ti ya, ó ń rí sánmà. Màmá pe àbúrò mi Démọ́lá ní Ìlọrin. Démọ́lá ní kí a wá káfíńtà, kí a má da ara wa láàmú. Èmi sáré wọ yàrá irinṣẹ́ yín láti wá tapólì tí a máa fi bò ó. Atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn dé mọ́ mi lẹ́yìn, mo yíjú padà láti ṣí i, mo sì rí àwòrán yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti wọ yàrá yẹn láìmọye ìgbà láti ọdún mẹ́ta tí ẹ ti lọ, tí n kò rí i rí? Ilẹ̀kùn náà máa ń wà ní ṣíṣí, ó máa ń fara ti ògiri. Mo dúró síbẹ̀ títí Màmá fi ń pariwo pé òjò ti dé.

Nígbà tí òjò dá, mo sọ fún un pé níbi tí ìjì ti ṣí i yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbé fìlà náà kà.

Màmá ní, “Ta ló máa gùn ún?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ wo?”

“Èmi ọmọ yín.”

“Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta! Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀! O fẹ́ lọ jókòó sórí òrùlé bí ológbò?”

“Sátidé ni, Màmá. Ọ́fíìsì kì í ṣí ní Sátidé.”

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní òun ò ní sọ fún àwọn ẹgbẹ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí wọ́n máa ní òun ò tọ́jú ọmọ.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí Bọ̀dá Lásísì, ọmọ iṣẹ́ yín àkọ́kọ́. Ẹ máa yọ̀ tí ẹ bá rí i. Ó ti di Alhaji, ó ní ṣẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ̀ bí ti ayé ọjọ́sí. Ó wá sílé wa, ó ní òun máa ṣe fìlà náà, òun ò sì ní í gba kọ́bọ̀, nítorí ọ̀gá òun. Mo dúpẹ́, mo ní èmi fúnra mi ni mo fẹ́ ṣe é. Ó wo ọwọ́ mi.

“Ọmọ ọ̀gá mi, ìwé ni iṣẹ́ tìẹ. Fi igi sílẹ̀ fún wa.”

Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo dáhùn pé bàbá mi ni, kì í ṣe bàbá tiwọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Bọ̀dá Lásísì, tó ń jẹun nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú wa! Ó dìde wẹ́rẹ́, ó gbé fìlà rẹ̀ dé, ó kí Màmá, ó lọ. Kò fọwọ́ kan omi tí a gbé síwájú rẹ̀. 

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń bá yín lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé. Èmi ni mo máa ń di etí tépù mú. Èmi ni mo máa ń fi òkúta na àwọn ìṣó tó ti wọ́ kí wọ́n lè tọ́ padà, tí ẹ ó sì máa yìn mí pé ìṣó mi dára ju tuntun lọ. Ẹ kọ́ mi pé kí n máa fetí sí ayùn, pé tí ohùn rẹ̀ bá yí padà, igi ti fẹ́ fún un lọ́rùn nìyẹn. Inú mi máa ń dùn débi pé n kì í fẹ́ kí Sátidé parí. Lẹ́yìn náà mo wọ ilé ìwé gíráamà. Lọ́jọ́ kan, mo gbé pákó sórí, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì yín àtijọ́ tó gùn dé orúnkún mi, mo sì pàdé àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì lẹ́bàá ibùdó rélùwéè. Ẹ̀rín tí wọ́n rín kò dúró síbẹ̀. Nígbà tó máa fi di Mọ́ńdè, gbogbo kíláàsì ti ń pè mí ní Lébìrà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún yín pé a ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn, ẹ̀kọ́ àfikún ọjọ́ Sátidé, ní ilé ìwé. Irọ́ ni, Bàbá. Kò sí lẹ́sìn kankan. Ẹ wò mí, ẹ wọlé, ẹ sì gbé búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀pà sísun jáde nínú ọ̀rá, ẹ ní kí ebi má lọ pa mí ní lẹ́sìn. Mo gbà á, mo lọ jókòó lórí àwọn igi ojú irin àlòkù tí wọ́n tò jọ sẹ́yìn ibùdó, mo ń ka ìwé ìtàn, mo ń jẹ ẹ̀pà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é ní Sátidé gbogbo títí mo fi jáde ilé ìwé. Búrẹ́dì àti ẹ̀pà yẹn kò yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ kò tún ní kí n wá di etí tépù mú mọ́. 

Nítorí náà, nígbà tí Bọ̀dá ní kí n fi igi sílẹ̀, mo rí i pé mo ti fi í sílẹ̀ rí.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Pákó apá tí ẹ tọ́jú sókè síléèlì wà níbẹ̀ digbí, kòkòrò ò fọwọ́ kàn án. Ìfági yín ti dípẹtà díẹ̀, mo fi epo ra á, mo pọ́n ojú rẹ̀. Nígbà tí mo fà á lórí pákó lẹ́ẹ̀kíní, tí igi náà ká jáde tínrín bí èèpo àlùbọ́sà, mo pariwo débi pé Màmá sáré jáde, ó rò pé mo ti gé ìka.

Èyí tó kọ́kọ́ fún mi ní wàhálà ni ìdí fìlà náà. Ẹ mọ̀ pé òrùlé ò tẹ́, góńgó rẹ̀ rí bí ìwé tí èèyàn ṣí, tó sì dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Ìdí fìlà gbọ́dọ̀ là bí ẹni tó gun kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́, kí ẹsẹ̀ kan wà níhìn-ín, kí ẹsẹ̀ kan wà lọ́hùn-ún. Mo dúró nílẹ̀, mo fojú wọn ọ́n, mo gé e. Nígbà tí mo gbé e dé òkè, ó ń mì bí àga ọlọ́tí. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo wá ya páálí mílíìkì kan, mo gbé páálí náà lọ sókè, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ góńgó òrùlé, mo fi ọ̀bẹ gé e títí tó fi jókòó láìsí àlàfo, mo sì fi páálí yẹn sàmì sórí igi. Ta ló kọ́ mi? Mi ò rántí pé ẹ kọ́ mi rí. Bóyá mo rí yín níbi tí ẹ ti ń ṣe é, tí n kò mọ̀ pé mo ń wò.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ òkè gígùn bí ọ̀rọ̀ ọjà yìí, ẹ má rò pé ẹ̀rù ò bà mí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gun àkàbà, mo fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ọn. Màmá di àkàbà mú nísàlẹ̀, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Bàbá, orin tí wọ́n máa ń kọ níbi ìsìnkú ló mú!

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí orin yẹn padà.”

Ó ní, “Òun ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu.”

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi bọ́ sí orin ìkórè. Látìgbà náà, orin ìkórè la fi ń gun òkè.

Gbogbo àdúgbò ló wá wò mí. Alhaja Sífáwù tó ń ta aṣọ, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, gbé àga jáde wá.

“Ṣé ilé ẹyẹlé ni?”

“Rárá, mà.”

“Tánkì omi ló máa wà nínú ẹ̀?”

“Rárá, mà.”

“Kí ló wá wà fún?”

“Ẹwà ni, mà.”

Alhaja ronú sí i. “Ẹwà? Lórí òrùlé? Ta ló máa ń wòkè?” Ṣùgbọ́n kò gbé àga rẹ̀ wọlé. Òun gan-an ló wòkè jù ní gbogbo àwọn Sátidé yẹn.

Mo ṣe fìlà náà ní ọ̀nà mẹ́ta kó lè ṣeé gbé: ìdí rẹ̀, ara rẹ̀ tó ní fèrèsé, àti òrùlé kékeré tó dé e lórí. Nígbà tó tó àkókò láti fà á sókè, Démọ́lá dé láti Ìlọrin. Ó wọ aṣọ funfun nini, ó ní òun kàn wá kí wa ni. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti wà lórí òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fa okùn, ìpẹtà ti ya máàpù sí ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó ń pariwo pé kí n má jẹ́ kí ó bọ́, kí n má jẹ́ kí ó bọ́. Kò bọ́. A gbé e kalẹ̀, mo kàn án, mo sì fi páànù pẹlẹbẹ yí ìdí rẹ̀ ká kí omi má wọlé. Mo kun ara rẹ̀ ní funfun, òrùlé rẹ̀ pupa. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, a rìn dé òdìkejì títì, a yíjú padà.  Màmá yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó ní, “Ó jọ ọ́.” Mi ò bi í léèrè bóyá àwòrán yẹn ló jọ ni tàbí ẹ̀yin.

Ǹ bá fẹ́ parí lẹ́tà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ ní Túsìdeè.

Orí àga Màmá gan-an ló ń jò sí, níbi tó ti máa ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́. Kán, kán, kán. Màmá kò bá mi wí. Ó kàn dìde, ó gbé abọ́ síbẹ̀, ó lọ parí àdúrà rẹ̀ ní yàrá. Ì bá sàn kó bú mi. Mo gun òkè lọ́jọ́ kejì, mo fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo ibi tí ojú mi rí. Òjò tún rọ̀, ó tún jò. Mo tún kùn ún, ó tún jò. Démọ́lá ní kí n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n kan páànù lásán síbẹ̀, pé a ti gbìyànjú. Bàbá, mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ronú bí ibẹ̀ ṣe máa rí tí mo bá yọ ọ́. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mi ò kàn fẹ́ ṣe é ni.

Ní Fráídè, bí mo ṣe ti Ilemona dé láti ibi iṣẹ́, mi ò dúró nílé. Mo gba ṣẹ́ẹ̀dì Bọ̀dá Lásísì lọ. Ó ń fá igi. Mo kúnlẹ̀ sórí ìyẹ̀fun igi pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì mi.

“Bọ̀dá, ẹ má bínú. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ.”

Ó ń fá igi lọ. “Dìde ńlẹ̀. Aṣọ rẹ.”

“Ó ń jò, Bọ̀dá.”

“Kí ló ń jò?”

“Fìlà.”

Ó gbé ìfági sílẹ̀. “Ibo lo kan ìṣó sí? Ẹ̀yìn páànù ni tàbí ikùn rẹ̀?”

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ó mú àjákù páànù kan nílẹ̀, ó gbé e dání kí ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó mú búta tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó sì da omi sí i. Omi náà fi ibi tó yọ sókè sílẹ̀, ó gba inú kòtò ṣàn lọ sílẹ̀, tààrà tààrà.

“O rí i? Ọ̀nà omi lo kan ìṣó sí. Ẹ̀yìn páànù la máa ń kàn án mọ́, níbi tó yọ sókè. Omi kì í dúró níbẹ̀.”

Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀! Ojú tì mí. Mo sọ fún un pé ẹ̀yin Bàbá mi kò kọ́ mi ní èyí.

“Wọ́n kọ́ wa. Sátidé kan ni. Ìwọ ti lọ sí lẹ́sìn.”

Bí ó ṣe pe “lẹ́sìn” yẹn, Bàbá, bí ẹni tó ń tu iyọ̀ dànù lẹ́nu, mo wojú rẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ mọ̀?”

“Gbogbo wa la mọ̀. Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀gá ní kí a gba iwájú ilé ìwé yín kọjá. Àgádágodo ló wà lẹ́nu géètì. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n lọ wá ẹ wá. Wọ́n ní rárá, kí n fi ẹ́ sílẹ̀, ẹni tó bá ń sá kúrò nídìí nǹkan, tí a bá lé e, á sáré sí i. Wọ́n ní kí n máa bá wọn ra ẹ̀pà.”

“Ẹ ra ẹ̀pà?”

“Ta lo rò pé ó ń rà á? Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí mo bá ti kírun tán. Ìyá tó ń sun ún máa ń bi mí bóyá mo ti bí ọmọ.”

Mo bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ mi lẹ́nu. Bọ̀dá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wá pẹ́ńsù tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí, Bàbá? Ṣé ẹ ń retí pé kí n padà fúnra mi? Ọdún wo lẹ jáwọ́ nínú ìretí? Àbí ẹ ò jáwọ́? Nígbà tí mo gba iṣẹ́ ìjọba, tí ẹ ń kí mi kú oríire níwájú àlejò, ṣé inú yín dùn tán, àbí ó kù díẹ̀? Mo ti fi àwọn ìbéèrè yìí sọ́kàn lọ síbi iṣẹ́, mo ti fi wọ́n sọ́kàn bọ̀.  Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé ẹ mọ̀, ẹ sì ń di ẹ̀pà fún mi.

Bọ̀dá Lásísì wá ní ọjọ́ kejì. Mo rò pé òun ló máa gun òkè. Ó gba àga, ó jókòó sójú oòrùn nísàlẹ̀, ó ní kí n máa gùn ún. Gbogbo ìṣó tí mo kàn sí ikùn páànù ni mo yọ. Mo dí ojú ihò wọn, mo ṣí páànù góńgó díẹ̀, mo ti etí páànù pẹlẹbẹ náà bọ abẹ́ rẹ̀, mo wá kan ìṣó tuntun tó ní rọ́bà lọ́rùn mọ́ ẹ̀yìn páànù, níbi tí omi kì í dúró. Ohun tí Bọ̀dá ń sọ láti ìsàlẹ̀ kò ju “Bẹ́ẹ̀ ni” àti “Fara balẹ̀” lọ. Nígbà tí mo parí, ó gun òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó di fìlà náà mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó mì ín. Fìlà kò mì. Ó tẹjú mọ́ fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, ojú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, nítorí fèrèsé yẹn fi ìka kan tín-ínrín ju àwọn yòókù lọ. Ó rí i, mo mọ̀ pé ó rí i.  Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí Màmá fún òun ní omi, ó sì mu kọ́ọ̀bù méjì.

Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ojú pópó di odò, iná lọ, atẹ́gùn ń fọ́n omi láti ẹ̀gbẹ́. Màmá gbé àga rẹ̀ padà sí ojú ibi tó ti ń jò gan-an. Ó jókòó, ó sì ṣí agbòòrùn lé orí nínú pálọ̀! Èmi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. A ń gbọ́ òjò lórí páànù, a ń wo síléèlì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó ṣe, Màmá na ọwọ́ jáde lábẹ́ agbòòrùn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó pa agbòòrùn dé, ó fi ìdí agbòòrùn náà gbá mi léjìká jẹ́jẹ́, ó ní, “Lọ gbé iṣu kaná.”

Ìròyìn kù díẹ̀, ẹ má tíì gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Alhaja Sífáwù kọjá títì wá bá wa. Ó jókòó, ó béèrè àlàáfíà wa, ó béèrè ti Démọ́lá, ó sọ̀rọ̀ ooru, ó sọ̀rọ̀ ọjà. Lẹ́yìn náà ló wá ní òun fẹ́ fìlà sórí ilé tòun náà, ṣùgbọ́n kó tóbi ju tiwa lọ, kó sì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Mo la ẹnu láti sọ pé mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe òmíràn. Màmá ti dáhùn.

“Sátidé nìkan ló ń ṣiṣẹ́ o, Alhaja. Ẹ sì máa fún un ní oúnjẹ ọ̀sán.”

Àná ni Sátidé, mo sì lọ wọn òrùlé Alhaja. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tiwọn, ẹ rántí, ó ga ju tiwa lọ dáadáa. Mo gun òkè, mo fa tépù jáde, mo yíjú. Bàbá, látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ilé wa láti òkè rí. Mo rí gbogbo òrùlé tí ẹ kàn níjelòó, ìlà páànù rẹ̀ tò ṣákáṣáká láìsí ẹyọ kan tó wọ́. Mo rí Màmá tó ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé. Mo rí ojú irin rélùwéè lọ́ọ̀ọ́kán. Láàárín gbogbo rẹ̀, fìlà náà dúró sórí góńgó, ó funfun, ó tọ́, ẹyẹ kékeré méjì sì ti jókòó sórí rẹ̀, wọ́n ń jà. Màmá gbójú sókè, ó fi ọwọ́ bo oòrùn lójú, ó rí mi. Mo rò pé ó máa ní kí n rọra. Ó gbọn aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi lókè, ó tún gbọ̀n ọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ títí Alhaja fi pariwo láti ìsàlẹ̀ pé ṣé mo ti sùn ni. Mo fi ìkọ́ tépù kọ́ etí páànù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ọ̀dà funfun ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.